Mánà Tòní: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Kíkà: Ẹ́kísódù 16:13-31
Ẹsẹ ìpìlẹ̀: "Fi àánú rẹ tẹ́ wa lọ́rùn ní kùtùkùtù, kí àwa kí ó lè máa yọ̀, kí inú wa kí ó sì lè máa dùn ní ọjọ́ wa gbogbo." Sáàmù 90:14

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A dúpẹ́ pé a jí ire.

Àkọlé Sáàmù 90 sọ pé àdúrà Mósè ni. Ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi àánú tẹ́ wa lọ́rùn ní kùtùkùtù yìí ti rí mánà, oúnjẹ tó ń bọ́ láti ọ̀run láràárọ̀ nínú aginjù. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ikùn lè yó kí ọkàn má yó. Nínú Númérì 11, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń jẹ mánà náà ló ń sunkún, olúkúlùkù ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí: a níṣẹ́ lọ́wọ́, a ń lọ sí ilé ìsìn, à ń kọrin, àmọ́ inú gbẹ. Kì í ṣe pé Ọlọ́run jìnnà. Mánà àná la ń jẹ.

Ẹ wo òfin mánà náà dáadáa. Ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó tó nǹkan bíi lítà 2. Yàtọ̀ sí ọjọ́ tó ṣáájú Sábáàtì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ kù di ọjọ́ kejì. Àwọn kan ṣẹ́ ẹ kù, ó yọ ìdin, ó sì ń rùn. Mánà kan náà tó dùn bí àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi oyin ṣe ni o. Kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ló kọjá. Ẹ̀rí tí a jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ìwàásù tó gún wa lọ́kàn lọ́jọ́ Ìsinmi, àwẹ̀ tó mú wa sunkún: ohun rere ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n bọ́ ọkàn rẹ̀ lónìí ni yóò bá ìdin nínú wọn. Òun ló ń fà á tí ẹni tó gbóná fún Ọlọ́run tẹ́lẹ̀ fi ń sọ ìtàn ṣáá, tí inú sì ń bí i sí àwọn tí iná wọn ṣì ń jó.

Bí oòrùn bá mú, mánà a yọ́. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, fóònù ni oòrùn ọ̀hún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóru, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ á ti kún ọkàn rẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn lálẹ́, kí ẹ jẹ́ kí aago lásán máa jí yín. Bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni Bíbélì yín wà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ìgbà tó bá jí ni àárọ̀ tirẹ̀.

Ìṣẹ́jú 20 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 2 dákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹ fi 5 ka ibi kan sókè, kó má ju orí kan lọ. Ìhìn Rere Máàkù dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: orí 16 ni, ọjọ́ 16 á parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Sáàmù kan lójúmọ́. 150 ni wọ́n, ó máa tó oṣù márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ló kàn. Númérì 11:8 sọ pé wọ́n ń lọ mánà náà lórí ọlọ, tàbí kí wọ́n gún un lódó, kí wọ́n sè é nínú ìkòkò, kí wọ́n sì fi ṣe àkàrà. Kíkó lásán kò parí iṣẹ́. Ènìyàn lè ka orí mẹ́rin láàárọ̀, kó sàmì sí ètò kíkà rẹ̀, kó má sì rántí ẹsẹ kan nígbà tó bá máa fi kúrò nílé. Ẹ mú ẹsẹ kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 5 gún un: Kí ló sọ nípa Ọlọ́run? Kí ló ní kí n ṣe, tàbí kí n fi sílẹ̀ lónìí? Ta ni mo máa tìtorí rẹ̀ gbàdúrà fún? Ká ní Éfésù 4:26 ni, pé kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa. "Màá máa ní sùúrù" kò tíì kúnná. "Màá pe ẹ̀gbọ́n mi ní agogo mẹ́rin, màá bẹ̀ wọ́n" ti kúnná.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 8 tó kù gbàdúrà lórí ẹsẹ náà: ọpẹ́, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ẹlòmíràn, kí ẹ tó dé orí ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá lọ kó mánà ń kó ti àwọn tó wà nínú àgọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ mú ẹsẹ náà dé ibi iṣẹ́. Kólósè 3:23 ní ká máa ṣe ohunkóhun tí a bá ń ṣe tọkàntọkàn bí ẹni pé fún Olúwa, àwọn ẹrú ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀. Bí ẹni tí kò yan iṣẹ́ tirẹ̀ bá lè fi sin Olúwa, ilẹ̀ tí ẹ ń gbá, ìṣirò owó tí ẹ ń ṣe àti ọmọ tí ẹ ń wẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Ẹ wí ẹsẹ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọ̀sán, àti kí ẹ tó sùn.

Bí ọjọ́ kan bá fò, ẹ má ka ti àná mọ́ tòní bí ẹni ń san gbèsè. Ti àná ti yọ́. Ẹ kó tòní. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lóru, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rí ọkàn máa nà yín: ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣe aláìní. Ẹsẹ kan tí ẹ wí lórí ìdúró tó.

Ṣùgbọ́n ìlànà kò yó ẹnikẹ́ni. Jésù sọ ọ́ nínú Jòhánù 6 pé àwọn baba jẹ mánà, wọ́n sì kú. Òun fúnra rẹ̀ ni oúnjẹ ìyè, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ebi kì yóò pa á. Òun ni ká wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Baba, a dúpẹ́ pé àánú rẹ ṣáájú wa jí. Ìwọ ló yẹ.

Olúwa, dárí jì wá, nítorí a ti fi ìtàn àtijọ́ rọ́pò rẹ. Gba ìdin kúrò nínú ọkàn wa: ìlara, ìkùnsínú, àti ìsìn ojú ayé.

Jésù, oúnjẹ ìyè, bọ́ mi lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo kà, má jẹ́ kó yọ́ kí n tó débi iṣẹ́.

Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni tí o fi orúkọ rẹ̀ sí mi lọ́kàn láàárọ̀ yìí, ràn mí lọ́wọ́ kí n pè é kí oòrùn tó wọ̀.

Baba, gbogbo àwọn tó wà nínú ilé mi (ẹ dárúkọ wọn), má jẹ́ kí ọkàn ẹnì kankan sùn pẹ̀lú ebi lálẹ́ òní.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa la gbàdúrà. Àmín.