Ìjì orí òkun: ẹ máa ṣọ́ omi, kì í ṣe atẹ́gùn nìkan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo tún kọ síbí nítorí àwọn tí ò ráyè wá, mo sì fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un. Ìjì ńlá tó máa ń gbéra lórí òkun tó sì ń wá jà létíkun la sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti erékùṣù Caribbean ń pè é ní hurricane, ní Japan àti Philippines wọ́n ń pè é ní typhoon, ní India, Bangladesh àti Mòsáńbíìkì cyclone ni, nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ní ìjì ń bọ̀, atẹ́gùn ló máa ń wá sọ́kàn gbogbo wa, òrùlé tó ń ṣí, igi tó ń wó, wáyà iná tó ń já, bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa èèyàn jù. Wọ́n ti ṣírò ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbogbo àwọn tí ìjì pa tààrà láti 1963 sí 2012, nínú èèyàn mẹ́wàá nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni omi pa, kódà bí ìdajì gbogbo wọn ló jẹ́ pé omi òkun tó gun orí ilẹ̀ ló gbé wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo máa sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn á pa òkun fún oṣù mélòó kan títí omi á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi dígírì 26.5 lórí ìwọ̀n Celsius ó kéré tán, kì í sì í ṣe ojú omi lókè nìkan o, ooru yẹn gbọ́dọ̀ wọnú omi lọ tó bíi mítà 50, torí pé ìjì fúnra ẹ̀ máa ń ro omi òkun pọ̀ ni, tí omi tútù bá wà nítòsí nísàlẹ̀, ìjì á fà á jáde sókè á sì fọwọ́ ara ẹ̀ paná ara ẹ̀.

Omi tó ti gbóná yìí á wá máa di oru lọ sókè, ibi tí agbára ìjì wà gan-an nìyí. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín lára, ṣebí òtútù máa ń mú yín? Ooru ara yín ni omi yẹn ń gbà kó tó lè gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi òkun ṣe ń gba ooru lọ́wọ́ òkun kó tó di oru, tí oru yẹn bá wá dé òkè tó tutù, tó padà di omi, tó di ìkuukùu, gbogbo ooru tó gbà nísàlẹ̀ ló máa tú sílẹ̀ lókè níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á tún gòkè sí i, afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo á sáré wá rọ́pò èyí tó lọ sókè, bó sì ṣe ń sáré bọ̀ lórí omi ló tún ń kó oru tuntun dání. Ìdí nìyẹn tí ìjì yìí kì í fi í pẹ́ rẹ̀ tó bá ti wọ orí ilẹ̀, kò rí oru jẹ mọ́.

Yíyí tó ń yí ńkọ́? Ayé tó ń yí ló fà á. Ní apá àríwá ayé, ó máa ń yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ní apá gúúsù ó ń bá ọwọ́ aago lọ. Àmọ́ nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì, agbára tó ń yí i yẹn ò tó nǹkan, torí ẹ̀ irú ìjì yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ tí kò bá tíì jìnnà tó nǹkan bíi dígírì 5 lórí máàpù, ìyẹn bíi kìlómítà 550, sí ìlà yẹn, òkun ibẹ̀ ì báà gbóná bíi kí ló dé. Arákùnrin kan bi mí pé ṣé kò lè ti ibòmíì rìn wá síbẹ̀ ni, mo ní kàkà kó sún mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń yà kúrò níbẹ̀. Ohun míì tó tún máa ń ba ti ìjì jẹ́ ni kí atẹ́gùn òkè máa fẹ́ gba ọ̀nà kan kí tìsàlẹ̀ máa gba ọ̀nà míì, ìyẹn á ya á sí wẹ́wẹ́ kó tó dúró dáadáa.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ni pé púpọ̀ nínú àwọn hurricane tó ń lọ ba Caribbean àti Amẹ́ríkà jẹ́, orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra. Aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná gan-an, apá gúúsù tó súnmọ́ òkun tutù jù ú lọ, ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú kí atẹ́gùn alágbára kan máa fẹ́ lókè lọ sí ìwọ̀-oòrùn, atẹ́gùn yẹn kì í lọ gbọnrangandan, ó máa ń rìn kọ́lọkọ̀lọ ni, nǹkan bí 60 irú ìgbì afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì ń kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bọ́ sórí òkun Atlantic lọ́dọọdún. Èyí tó pọ̀ jù á kàn rọ̀jò á sì tán síbẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn hurricane tó le jù lórí Atlantic, tẹ́ ẹ bá kó 100 jọ, bíi 85 nínú wọn ló ti inú ìgbì yìí jáde.

Tí atẹ́gùn ẹ̀ bá ti ń sáré tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan, wọ́n á fún un lórúkọ, tó bá pé 119 ó ti di hurricane nìyẹn, tó bá wá pé 252 ó ti dé ìpele 5, kò sí ìpele tó tún ju ìyẹn lọ. Èmi ò fẹ́ràn báwọn èèyàn ṣe gbọ́kàn lé nọ́ńbà ìpele yìí rárá. Atẹ́gùn nìkan ló ń wọ̀n, kò sọ nǹkan kan nípa omi, ó sì ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà rí tí ẹ̀mí fi lọ sí i.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ létíkun ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ní 1969 ìjì Camille jà níbẹ̀, ìpele 5 ni, omi òkun ga tó nǹkan bíi mítà 7.5 níbi tó ga dé jù. August 2005, Katrina dé, ìpele 3 ni nígbà tó máa fi wọlẹ̀. Àwọn kan tí Camille ṣojú wọn sọ pé omi ò dé ilé àwọn nígbà ìpele 5, ti ìpele 3 wo ló wá máa débẹ̀, wọ́n bá jókòó sílé. Omi ti Katrina ga tó bíi mítà 8.5. Kí ló dé? Katrina fẹ̀ ju Camille lọ dáadáa, ó sì ti jẹ́ ìpele 5 lórí òkun kó tó rẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn lè rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ omi tó ti tì bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ò lè ṣẹ́rí padà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ní New Orleans tó wà nítòsí ibẹ̀, àwọn odi tí wọ́n fi dá omi dúró ya, nǹkan bí 80 nínú 100 ìlú náà ló wọnú omi.

Omi tó ń gòkè yìí, mo fẹ́ kó yé wa dáadáa. Kì í ṣe ìgbì tó ń bì lu etíkun tá a máa ń rí lójoojúmọ́. Gbogbo òkun ló ń ga, á ga títí á fi wọ ìgboro, ìgbì á wá máa bì lórí omi tó ti ga tẹ́lẹ̀ yẹn. Àwọn kan rò pé torí afẹ́fẹ́ àárín ìjì fúyẹ́ ló ṣe ń fa omi sókè, òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ ó kéré, ìyẹn nìkan ò lè mú omi ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, kódà nínú ìjì tó burú jù. Atẹ́gùn tó ń ti omi síwájú fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Níbi tí òkun ti jìn, omi tí wọ́n tì á rí àyè wọlẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kó padà, níbi tí kò jìn létíkun, kò ráyè lọ, orí ilẹ̀ ló máa gùn. Tí ẹnu òkun ibẹ̀ bá tún fún pọ̀, tàbí tó bá bọ́ sí àkókò tí òkun máa ń kún fúnra ẹ̀, ọ̀ràn dé nìyẹn. Kò sì dìgbà tó bá pọ̀ kó tó pa èèyàn, omi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, kílò 1,000 ló wọ̀n, ẹ wá ro irú ẹ̀ tó ń sáré bọ̀ tòun ti pákó, mọ́tò àti ògiri tó ti wó.

Bay of Bengal, òkun tó wà lápá ìlà-oòrùn India, ní gbogbo àbùkù tí mo kà yìí pátá, omi ibẹ̀ ò jìn, ó fún bó ṣe ń lọ sókè, ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lóru ọjọ́ 12 November 1970 ni ìjì Bhola dé ibi tó wá di Bangladesh lónìí, àwọn tó kú lé ní 300,000, àwọn kan ní ó tó 500,000, nínú gbogbo ìjì irú yìí tí ẹ̀dá èèyàn kọ sílẹ̀ kò sí èyí tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ o. Ìròyìn náà ni kò dé abúlé, àwọn tó sì dé etí wọn, ibo ni wọ́n fẹ́ sá lọ?

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1972 ni ìjọba ibẹ̀ àti ẹgbẹ́ Red Cross ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n á gbé àsíá sókè, wọ́n á mú gbohùngbohùn lọ́wọ́, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n kọ́ ilé ààbò sórí òpó gíga, ọmọ ilé ìwé ló ń lò ó nígbà tí ìjì ò sí. Kò tètè dáa o, ní 1991 ìjì míì tún pa nǹkan bí 138,000, obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, torí àwọn kan ò lè jáde láìsí ọkọ wọn nílé, àwọn kan ń wá ọmọ kiri. Wọ́n tún rí i pé àwọn èèyàn ò fẹ́ fi màlúù àti ewúrẹ́ wọn sílẹ̀, torí gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé nìyẹn, ni wọ́n bá ń kọ́ àwọn ilé ààbò míì tó láyè fún ẹran, tó sì ní yàrá àwọn obìnrin lọ́tọ̀. Ní 2007 Sidr dé pẹ̀lú agbára, àwọn tó kú wà ní bíi 3,400, ó ṣì pọ̀, àmọ́ ẹ fi wé ti 1970. Ní 2020 tí Amphan ń bọ̀, wọ́n kó èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò létíkun, àwọn tó kú ní Bangladesh ò tó 100.

Màmá kan tí wọ́n jókòó níwájú bi mí pé ṣé ilé tó lágbára ò tó ni. Mo ní, mà, fún atẹ́gùn ó lè tó, fún omi ó dọwọ́ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga sí. Nígbà tí Haiyan ja Tacloban ní Philippines ní November 2013, àwọn ibì kan tí wọ́n kó àwọn èèyàn sí fún ààbò ni omi wọ̀ bá wọn, gbogbo àwọn tó kú lórílẹ̀-èdè náà sì lé ní 6,000. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kúrò, ibi gíga lẹ máa lọ. Ohun míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ojú ìjì, ìyẹn àárín ẹ̀ gan-an, ibẹ̀ máa ń parọ́rọ́, oòrùn tiẹ̀ lè yọ. Ní Miami ní 1926, àwọn èèyàn rò pé ó ti tán, wọ́n jáde síta, ni apá kejì ìjì bá ká wọn mọ́bẹ̀, atẹ́gùn á sì máa wá láti òdìkejì ibi tó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí ò sí létíkun náà ò yọ sílẹ̀. Tí ìjì bá rọra ń rìn, òjò ẹ̀ á dúró sójú kan, bí Harvey ṣe ṣe Texas ní 2017, ó lé ní mìlímítà 1,500 níbi tó ti pọ̀ jù. Màláwì ò ní òkun rárá, síbẹ̀ Freddy pa èèyàn tó pọ̀ níbẹ̀ ní March 2023, òkè ló ń ya lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀. Tí omi bá tún fà tán, ìyà míì ló ń bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ á ti wọ kànga, iyọ̀ á ti wọ oko, ọkọ̀ apẹja á ti fọ́, lẹ́yìn tí Idai ba Beira jẹ́ ní Mòsáńbíìkì ní 2019, kọ́lẹ́rà ló tẹ̀lé e.

Ayé tó ń gbóná sí i yìí wá ń dá kún un. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná ní dígírì kan, oru tó lè gbé dání á fi nǹkan bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i, òjò náà á sì pọ̀ sí i nìyẹn. Òkun ti ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láti bí 1900, orí ibi tó ga dé yẹn ni omi ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn ìjì tó ń yí padà lójijì. Àsọtẹ́lẹ̀ ibi tí ìjì máa gbà ti dáa gan-an lóde òní, sátẹ́láìtì ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru, bó ṣe máa le tó ló ṣì ń ṣòro. Ní October 2023, Otis ń bọ̀ sí Acapulco ní Mẹ́síkò, ìjì kékeré ni wọ́n pè é, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ṣoṣo ó ti di ìpele 5, òru ló wọ ìlú, àwọn tó jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí wọ́n rò pé kò sí wàhálà ò ní ju wákàtí mélòó kan lọ láti fi wá ibi tí wọ́n máa sá sí. Níbi tọ́rọ̀ bá ti dà báyìí, ilé ààbò àti ọ̀nà tó jáde kúrò létíkun ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìjì tó lórúkọ rárá.