"Èmi" Méjì Ló Wà Nínú Àyọkà Kan: Bí A Ṣe Lè Ka Àròkọ Ìrírí Ara Ẹni fún Àkàyé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ ní Kàbà, nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi; "òkun o" ni ìkíni wa. Mo ti gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi ohun tí àwọn ọmọ sọ lọ́jọ́ náà kún un.)

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, òkun o. Mo mọ̀ pé Ìsánlú ni àwọn kan ti gbéra láàárọ̀ yìí, àwọn mìíràn sì ti Ìyàrà wá. Ẹ kú ìrìn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá kún ìyà ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dùn mí. Tí mo bá ń máàkì àkàyé, ìdáhùn tó máa ń bí mi nínú jù kì í ṣe èyí tí ọmọ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Èyí tó gún régé, tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, àmọ́ tí kò sí nínú àyọkà, ni. Wọ́n ní kí ló dé tí ìyá fi dákẹ́, ọmọ kọ ọ́ pé nítorí pé ìyá ni wúrà. Ta ló bi í ní ọ̀rọ̀ wúrà? Ó rí "ìyá" lórí ìwé, ó sì sáré wọ inú orí ara rẹ̀ lọ kó ohun tó ti há sórí láti pírámárì wá.

Àròkọ ìrírí ara ẹni ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Tí àyọkà bá dá lórí bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta tí wọ́n ń sọ ọ́ di sìmẹ́ńtì ní Ọ̀bájànà, ọmọ á fara balẹ̀, torí ó mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ń sọ "èmi", "màmá mi", "ilé wa", ó parí. Ṣé òun náà kò ní màmá ni? Ó ti mọ̀ ọ́n tán kó tó kà á.

Mo kọ àyọkà kékeré kan fún ìjókòó yìí. Inú ìwé ìdánwò kankan kọ́ ni mo ti mú un. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí a tó máa lọ.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí màmá mi fi kóró kajú rán mi sí àwọn tó ń rà á létí títì. Ó wọ̀n ọ́n sínú àpò lójú mi, kóńgò mẹ́fà. Ó dà á jáde, ó tún un wọ̀n. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi máńgòrò, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kí n bá wọn gbá a díẹ̀. Nígbà tí mo padà sídìí àpò, àpò ti fúyẹ́. Kóńgò mẹ́rin ni ẹni tó fẹ́ rà á bá níbẹ̀. Mo délé, mo ní kóńgò tiwọn ló tóbi ju ti ilé lọ. Màmá mi ka owó náà, ó tún un kà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.' Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹran méjì ni mo bá nínú ọbẹ̀ mi; ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ti àwọn yòókù. Nígbà tí kajú so lọ́dún kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ru àpò lọ. Mo rò nígbà náà pé ó ń kẹ́ mi ni."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi àwọn ọmọ ni pé: ta ni "èmi" inú àyọkà yìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, sà. Ó wà ní ìlà kìíní." Ọmọkùnrin kan dáhùn látẹ̀yìn, "Rárá o. Àgbàlagbà ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè sọ pé 'mo rò nígbà náà'."

Àwọn méjèèjì ló gbà á. Ìyẹn gan-an ni mo sì torí rẹ̀ wá sí Kàbà. Nínú àròkọ ìrírí ara ẹni, "èmi" méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ni ọmọ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, tó gbá bọ́ọ̀lù, tó purọ́, tó jẹ ẹran méjì tí inú rẹ̀ sì dùn. Èkejì ni àgbàlagbà tó mú gègé, tó ti mọ ohun tí ọmọ yẹn kò mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ìbéèrè dáhùn. Wọ́n lè bi í pé, "Kí ni òǹkọ̀wé rò nípa ìwà ìyá rẹ̀?" kí ó sì kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé rò pé ìyá ń kẹ́ òun. Ọmọ ló rò bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́, ohun tó sì fi hàn wá kò ju ọ̀rọ̀ méjì péré lọ: "nígbà náà". Ẹ fi ìka bo ọ̀rọ̀ méjì yẹn, kí ẹ tún gbólóhùn náà kà. Ṣé ẹ rí i pé ìtàn mìíràn ló dà?

Nítorí náà mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi fi pẹ́ńsù yí gbogbo ọ̀rọ̀ àkókò ká lákọ̀ọ́kọ́: nígbà náà, títí dòní, kò tíì yé mi, ó wá yé mi. Ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti ń yọjú láti ẹ̀yìn ọmọ.

Ṣé ìyá mọ̀ pé ọmọ náà purọ́? Kò sí ibi tí àyọkà ti sọ ọ́ gbangba. Ibí yìí ni àwọn olùkọ́ kan ti máa ń sọ fún mi pé ìbéèrè báyìí le jù fún ọmọ wa. N kò gbà. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílẹ̀ Òkun, ẹsẹ̀ àgbà ló jókòó sí. Tí bàbá àgbà bá sọ níwájú àlejò pé, "Ẹ wo bí òòrùn ṣe ń wọ̀," ọmọ á dìde lọ wá ohun tí àlejò máa jẹ. Kò ní máa wojú ọ̀run. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ọmọlúwàbí ni àkàyé ń béèrè, ọmọ wa sì ti mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di odindi. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìwé náà máa ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ń fi lé wọn lọ́wọ́: fi ìka sí i. Ohunkóhun tí o bá sọ, fi ìka sí ìlà tó o ti rí i. Ìyá wọn kajú lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ̀ pé mẹ́fà ni. Ìka wà níbẹ̀. Ó ka owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìka wà níbẹ̀. Kò rán ọmọ náà mọ́ lọ́dún kejì. Ìka wà níbẹ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan sọ pé olè ló jí kóńgò méjì, ìka rẹ̀ rìn káàkiri ojú ìwé, kò rí ibi bà lé. Àyọkà sọ pé àpò fúyẹ́, kò dárúkọ olè. Àpò lè jò. Èmi náà tí mo kọ ọ́, n kò fi olè síbẹ̀.

Lórí ẹran méjì yẹn, kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Àwọn kan ní ìyá ń dárí jì í ni. Ọmọbìnrin kan ní rárá, ó ń fi ẹran náà nà án ni: "Sà, tí màmá mi bá mọ̀ pé mo ṣẹ̀ tó wá fún mi lẹ́ran, n kò ní lè gbé e mì." Ọmọ inú àyọkà kò rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́, òǹkọ̀wé ló rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Èmi fara mọ́ ọmọbìnrin yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gba máàkì lọ́wọ́ àwọn yòókù tí ìka wọn bá ti dúró lórí ìlà kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi ìdáhùn kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn irú ìbéèrè yìí.

Ti ìdánwò ńkọ́? WAEC fi àkàyé sínú ìdánwò Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí òǹkọ̀wé lò. Inú gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ti ń ní ìtumọ̀. "Àpò fúyẹ́" kì í ṣe "èèyàn fúyẹ́". Ti àkọ́kọ́ ni pé ohun inú rẹ̀ dín kù, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tuntun yín sínú gbólóhùn, kí ẹ kà á sókè. Tí kò bá wọlé, ẹ yọ ọ́. Ti JAMB tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n tò, ọ̀kan lè jẹ́ òótọ́ láyé tí kò sí nínú àyọkà. Ìyá ni wúrà ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò dùn ún sọ. Ọmọ tó ń sọ èdè Yàgbà tàbí ti Bùnú nílé ń bá Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé nínú ìwé, ó tún ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé nínú ìdánwò. Èdè mẹ́ta ló ń gbé kọjá. Ní Lọ́kọ́ja ó tún le sí i, àgàgà láti 1991 tí a ti di ìpínlẹ̀ Kogi, torí ọmọ Ígálà àti ọmọ Ebira lè wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tiwa, bí a bá sọ èdè ilé ní kíláàsì, koríko la máa gé. Mo gé koríko púpọ̀. N kò rí ọmọ tí koríko gígé kọ́ ní àkàyé. Ní tèmi o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè ilé jiyàn lórí àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kọ ìdáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá ti yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀, ìṣòro ìkọsílẹ̀ nìkan ló kù.

Kí ẹ sì dín kíka àyọkà sókè yí kíláàsì ká kù. Ọmọ tó ń retí ìpín tirẹ̀ kò gbọ́ ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Dípò ìyẹn, ẹ ní kí ọmọ kọ ìlà mẹ́wàá nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí ẹni tó jókòó tì í sì gbé ìbéèrè mẹ́ta jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò kọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa pariwo pé, "N kò sọ bẹ́ẹ̀!"

Nígbà tí a fẹ́ túká, ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn náwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kajú yẹn, ṣé ẹ̀yin gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí?" Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní kó fi ìka sí ibi tó ti rí i. Ó wo ìwé náà títí, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Kò sí níbẹ̀, sà."

Mo ní kó jókòó, ó gba máàkì rẹ̀.