Ẹ Má Jẹ́ Kí Àpilẹ̀kọ Yín Kú Sílé-ìkàwé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin dókítà. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ní kí n sọ lórí bí ẹ ṣe lè sọ àpilẹ̀kọ tí ẹ fi gboyè di iṣẹ́ tí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ èsì ìwádìí jáde, máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ ibi tí mò ń lọ: aláìsàn tó na apá kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é torí kí ẹ lè gboyè. Ohun tí ẹ kà sí i létí kó tó fọwọ́ síwèé ni pé èsì rẹ̀ á ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí àpilẹ̀kọ náà bá wá ń mu eruku, ta ló ràn lọ́wọ́? Ìkéde Helsinki, ìlànà àgbáyé lórí ìwádìí ìṣègùn tí a ń ṣe lára ènìyàn, tó ti wà láti 1964, bó ṣe rí lónìí, sọ pé dandan ni kí olùṣèwádìí gbé èsì rẹ̀ síta, ì báà bá a lára mu, ì báà má bá a mu.

Àwọn kan á ní, "A ti gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ó parí." Olùyẹ̀wò mélòó? Òmíràn nínú wọn, ojú ewé ìtọ́kasí ló kọ́kọ́ ṣí, ó ń wá orúkọ ara rẹ̀! (Ẹ̀rín.)

Gígé ni iṣẹ́ tó kù. Mo ka ọ̀kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tó bẹ̀rẹ̀ láti ayé Hippocrates, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́. Kí n tó kan aláìsàn àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tèmi gan-an ti ru. Ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í gbà ju nǹkan bí 3,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ogójì ojú ewé ìṣáájú yẹn á di ìpínrọ̀ mẹ́ta: ohun tí a mọ̀, ohun tí a kò tíì mọ̀, ohun tí ẹ wá. Tábìlì tó sọ ọjọ́ orí àti iṣẹ́ àwọn aláìsàn, ọ̀kan ti tó. Ẹ má tún fi àwòrán aláwọ̀ mèremère wí ohun kan náà.

Mo fẹ́ bọ́ sórí jọ́nà ayédèrú ni dókítà obìnrin kan bá nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá mi ní orúkọ òun ló máa ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ kò ka ojú ewé kan níbẹ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ti là á sílẹ̀. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ gidi nínú ètò iṣẹ́ náà, tàbí nínú kíkó dátà tàbí títú u palẹ̀. Kó kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe dénú. Kó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn. Kó sì ṣe tán láti jíhìn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o, kò sí ṣíṣà níbẹ̀. Ẹni tó wá owó nìkan, tàbí tó kàn jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka, ìdúpẹ́ ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa ka òfin sí ọ̀gá létí? Ọjọ́ tí ẹ bá gbé àbá ìwádìí lọ ni kí ẹ ti jọ kọ ètò orúkọ sílẹ̀. Bó bá ti bọ́, ẹ kọ iṣẹ́ náà tán, ẹ fi ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un ṣe." Bó bá ṣe é tọkàntọkàn, òǹkọ̀wé ni. Ẹ sọ fún un pé ipò ìkẹyìn náà níyì, àwọn àgbà ló ń wà níbẹ̀.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Jọ́nà tó bá kọ lẹ́tà wá pè yín ní "ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá", tó ní òun á tẹ iṣẹ́ yín jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sá. Ẹ wò ó lórí MEDLINE tàbí DOAJ ná, àwọn àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń to orúkọ jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ìdánwò oògùn, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìdánwò tí gbogbo ènìyàn lè rí, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé, àìṣe bẹ́ẹ̀ àwọn jọ́nà ńlá ò ní gbà á. Ìbéèrè tó kù, ẹ bá mi níta.