Ilẹ̀ Owó Pọ́ọ́kú, Oorun Ọ̀wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ ní Súrùlérè nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló fẹ́ yá owó ra ilẹ̀, ibi tí ajẹ́ńtì sì ń júwe kò ju ìgbèríko Ìkòròdú, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tàbí ẹ̀yìn Àgbádárìgì lọ. N kò bá yín jà. Ta ló fẹ́ san owó ilé títí ọjọ́ alẹ́? Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, bí ilẹ̀ bá ṣú níbẹ̀, ta ló wà nítòsí?

Èmi ra pílọ́ọ̀tì kan, 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, kọjá Ìmọ̀tà ní Ìkòròdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wò ó, ọjọ́ Sátidé ni méjèèjì, lọ́wọ́ọ́ aago mọ́kànlá àárọ̀. Oòrùn ràn, ẹyẹ ń ké, ajẹ́ńtì ra ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Mo sanwó, mo kọ́ yàrá méjì. Alẹ́ tí a kó dé ibẹ̀ gan-an, ìyàwó mi dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ rí i?" Ilé kan wà lódìkejì tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀. Àwọn kan ń fa igbó níbẹ̀: iná mẹ́rin ń pọ́n, ó ń kú, ó tún ń pọ́n. Mo ní mo rí i. Kò sẹ́ni tó sùn nínú wa. Ìyá kan tó ń ta gàrí ló súnmọ́ wa jù, ilé rẹ̀ sì jìnnà bí ibí sí Ojúẹlẹ́gba. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ.

Ẹ ò gbàgbé Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn, 2016 sí 2017, ní Ìkòròdú kan náà. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń pa ìdílé lójú oorun. Àwọn onílé tó ń ṣọ́ àdúgbò tilẹ̀ ń sun tááyà mọ́jú.

Ìwé ilẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ gbé sọ́fè yín, ìwé tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alàúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin 2016 ti Èkó sì wà láti dá àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fipá gba ilẹ̀ lẹ́kun. Àmọ́ sọ́fè kì í lé olè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ ìgbèríko fi ₦2,000,000 dín sí ti àdúgbò tí èèyàn ti kún. Ẹ gba ọlọ́dẹ kan ní ₦60,000 lóṣù. Ọdún kan, ₦720,000. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ẹ̀dínwó yẹn ti wọ àpò ọlọ́dẹ, ẹ kò sì tíì ra irin ojú fèrèsé.

Nítorí náà, ẹ lọ lálẹ́. Ẹ bi ọlọ́kadà pé aago mélòó ló máa ń ṣíwọ́ àtiwọ ibẹ̀. Bó bá ní òun kì í kọjá aago méje, ó ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí fẹ́ǹsì ṣe ga tó. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí àwọn onílé ń ṣèpàdé. Ẹ yọ fóònù wò: 767 àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kò lè gbọ́ igbe yín níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Bàbá kan dìde, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ká má rà ni?" Mo ní, "Ẹ rà á, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má dá nìkan rà. Bí mẹ́wàá nínú yín bá rà á pọ̀, tí ẹ sì jọ kó lọ lóṣù kan náà, ẹ ti di àdúgbò."

Mo wá bi wọ́n pé ta ló ti dé ibi ilẹ̀ tó fẹ́ rà lálẹ́ rí. Ọwọ́ méjì péré ló lọ sókè. Mọ́tò ọ̀kan nínú wọn ló bà jẹ́ síbẹ̀.