Ẹrú ni Jósẹ́fù nígbà tí Bíbélì pè é ní alásìkí

Ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, ohun tí mo bá wọn sọ níbẹ̀ lórí ohun tí aásìkí jẹ́ rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n ṣí Jẹ́nẹ́sísì 39 ẹsẹ 2. Bíbélì wa ní Olúwa wà pẹ̀lú Jósẹ́fù, ó sì jẹ́ alásìkí ènìyàn. Ó dáa. Ibo ni alásìkí yìí wà lásìkò yẹn? Ilé Pọ́tífà ló ti ń ṣẹrú! Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti tà á ní ogún owó fàdákà, ẹ̀wù aláràbarà yẹn ti kúrò lọ́rùn ẹ̀, kò nílé, kò lówó oṣù, kò tiẹ̀ láṣẹ láti sọ pé òun fẹ́ lọ kí bàbá òun nílé kóun sì padà wá. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ta ló máa gbé máìkì fún un pé kó wá jẹ́rìí? Orí yẹn kan náà ló parí sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n parọ́ mọ́ ọn, síbẹ̀ ẹsẹ 23 ṣì ń sọ pé ohun tó bá dáwọ́ lé, Olúwa ń mú kó yọrí sí rere. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ìtàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti pé 30 kó tó dúró níwájú Fáráò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí i pé nǹkan ń dáa fún un? Ẹsẹ 5 ni kẹ́ ẹ lọ wò: Olúwa bùkún ilé ará Íjíbítì yẹn nítorí Jósẹ́fù. Ilé onílé o! Ara ẹlòmíì ni ìbùkún ẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Èmi ò mọ aásìkí Kristẹni míì ju ìyẹn lọ, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú èèyàn, kí ara sì tu àwọn tó yí i ká torí pé ó wà láàárín wọn, owó lè bá a dé, owó sì lè má bá a dé.

Ẹnì kan bi mí pé báwo la ṣe wá dé ibi tó jẹ́ pé jíìpù àti fíísà nìkan là ń pè ní ìbùkún. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1985 náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tíjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, kí 1990 sì tó parí ó ti di bíi náírà mẹ́jọ sí dọ́là kan. Àwọn tó jáde yunifásítì ò ríṣẹ́, ilé ìwòsàn ò lóògùn. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oníwàásù tó bá dìde nírú àsìkò yẹn tó ní Ọlọ́run ò gbàgbé yín, ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé e, èmi náà á sì tẹ̀ lé e. Benson Idahosa, oníwàásù tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Dallas lọ́dún 1971, ti ń wàásù aásìkí ní Benin kó tó dìgbà yẹn, Oral Roberts, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, sì ti fi Jòhánù Kẹta ẹsẹ 2 ṣe ẹsẹ ìpìlẹ̀ tiẹ̀ tipẹ́.

Ibi tí mo ti bá àwọn oníwàásù aásìkí yà nìyí: a kì í ka lẹ́tà Jòhánù Kẹta yẹn tán. Gáyù ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n kí i pé kí nǹkan dáa fún un, kára ẹ̀ le, àmọ́ ẹ ka ẹsẹ 5 sí 8, ohun tí wọ́n ń yìn ín fún ni pé ó ń gba àwọn oníwàásù tí kò mọ̀ rí sílé, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń fún wọn ní nǹkan ìrìn àjò. Fílípì 4 ẹsẹ 19 náà, “Ọlọ́run mi yóò pèsè,” ẹlẹ́wọ̀n ló kọ ọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó ránṣẹ́ sí i ló sì kọ ọ́ sí. Àwọn onímọ̀ Bíbélì ilẹ̀ Áfíríkà nínú ẹgbẹ́ Lausanne, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ajíhìnrere káàkiri àgbáyé, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Akropong ní Gánà, ní 2008 àti 2009, wọ́n ní a ò lè fi owó wọn ìgbàgbọ́ èèyàn, torí èrú náà ń mówó wá, ìṣẹ́ náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ègún.

Mi ò sọ pé òṣì dáa o, kẹ́ ẹ má lọ gbé e kiri. Jósẹ́fù dé ipò, ó sì kó oúnjẹ jọ tí ìlú fi bọ́ lọ́wọ́ ìyàn. (Àmọ́ ẹ ka orí 47, ọkà yẹn náà ló fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aráàlú fún Fáráò, àwọn fúnra wọn di ẹrú. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni wàásù lé ìyẹn lórí lọ́jọ́ ìkórè.)

Nígbà ìbéèrè, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì dìde, ó ní òun jẹ àwọn òṣìṣẹ́ òun lówó oṣù, òun sì ti ṣèlérí owó ìkọ́lé fún ṣọ́ọ̀ṣì, èwo ni kóun kọ́kọ́ san. Mo ní kó ka Jákọ́bù 5 ẹsẹ 4 sókè fún gbogbo wa, níbi tó ti ní owó àwọn alágbàṣe tí ọ̀gá ò san ń ké, Olúwa sì ti gbọ́. Ó kà á tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí pásítọ̀ bá wá béèrè ńkọ́?” Mo ní kó sọ fún pásítọ̀ pé owó oṣù lòun ń san lọ́wọ́, tó bá ṣẹ́ kù òun á mú un wá.