Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Amùjẹ̀? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fíìmù Sinners

Ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló fa ọ̀pọ̀ yín wá síbí, ẹ ó sì rí ẹ̀jẹ̀ bù wẹ̀ nínú Sinners, fíìmù tí Ryan Coogler gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo bá wá. Amùjẹ̀ inú eré yìí kò lè wọlé àfi bí àwọn tó wà nínú ilé bá ní kó wọlé, orí èyí sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Clarksdale ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1932. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, ti Chicago dé, níbi tí wọ́n ti bá Al Capone, ògbólógbòó olórí ọ̀daràn, ṣiṣẹ́. Wọ́n ra ilé ìlagẹdú kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú, lábẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ijó fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń já òwú. Sammie, ọmọ pásítọ̀ tó jẹ́ ìbátan wọn, ló ń ta gìtá. Nígbà tó kọrin, òkú, alààyè àti ẹni tí a kò tíì bí pàdé lójú agbo: àwọn oníjó Áfíríkà ayé àtijọ́ níhìn-ín, onígìtá iná àti DJ lọ́hùn-ún. Bí ẹ kò bá wo ibòmíràn, ẹ wo ibẹ̀. Autumn Durald Arkapaw ló yà á, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó lo fíìmù IMAX, irú fíìmù tó fẹ̀ gan-an, láti ya eré sinimá gígùn.

Orin yẹn ló fa Remmick, amùjẹ̀ náà, wá. Jack O'Connell ṣe é bí àlejò ẹlẹ́nu dídùn láti Ireland, tó ń kọrin ìbílẹ̀ rẹ̀, tó ń jó níta ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá bù jẹ, ohun tí onítọ̀hún mọ̀ di tirẹ̀. Lójijì ó ń sọ èdè Ṣáínà sí obìnrin Ṣáínà tó wà nínú ilé. Nígbà tí Sammie ń gba Àdúrà Olúwa, Remmick bá a gbà á, torí àwọn tó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi tipá kọ́ wọn ní àdúrà náà. Èyí bà mí lẹ́rù ju eyín rẹ̀ lọ.

Michael B. Jordan nìkan ló ṣe ìbejì méjèèjì. Fìlà búlúù ni ti Smoke, pupa ni ti Stack, àmọ́ kò pẹ́ tí a kò fi nílò fìlà mọ́ láti dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀, Delroy Lindo, tó ṣe ọ̀mùtí atẹdùùrù, sọ ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so rọ̀. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin. Ohùn Miles Caton, tó ṣe Sammie, kò jọ ohùn ẹni tó ń ṣe fíìmù fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Wunmi Mosaku, ọmọ wa. Zaria ni wọ́n bí i sí, Manchester ló dàgbà sí. Annie ni orúkọ rẹ̀ níbí, obìnrin oníṣègùn hoodoo, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó so oǹdè mọ́ Smoke lọ́rùn. Òun ló kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì ní kí kálukú jẹ aáyù kí a lè mọ ẹni tó ti yí padà. Mosaku ti sọ pé ibi tí òun ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa hoodoo fún eré yìí lòun ti bá Ifá pàdé. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó fojú fo ìyókù ìpínrọ̀ yìí: nígbà tí Smoke ń kú lọ, ó rí Annie pẹ̀lú ọmọ wọn tó ti kú. Annie ní kó pa sìgá kó tó gbé ọmọ. Kò sí igbe, kò sí ẹkún, ìyá ọmọ ń bá bàbá ọmọ wí ni.

Ìbọn tó ń dún ṣáájú ibẹ̀ ti pọ̀ jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n gbèsè òyìnbó tó ta ilé fún wọn yẹn gbọ́dọ̀ di sísan.

Coogler náà ṣọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kó tó gbé eré yìí fún ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros., wọ́n ṣe àdéhùn pé lẹ́yìn ọdún 25, ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní Hollywood kùn sí i. Fíìmù náà pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 360 dọ́là kárí ayé, ní 2050 yóò sì di ti Coogler pátápátá.