Àmì Ẹ̀yẹ Méjì Tó Wà Láyà Fájuyì

Ẹ má bínú, mi ò ní sọ ìtàn 29 oṣù Keje, 1966 lónìí. Kò sí ọmọ Adó-Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n: Ìbàdàn, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, tó jẹ́ àlejò Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, àti bí àwọn sójà tó dìtẹ̀ ṣe pa àwọn méjèèjì. Torí ìyẹn la ṣe ṣe ère Fájuyì sí Adó, tí ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ẹjọ́ tèmi ni pé ikú ọkùnrin yìí ti gbé ayé rẹ̀ mì.

Tó bá kan ère ológun, àyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fájuyì wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ní 1951, nígbà tó jẹ́ sájẹ́ǹtì, àwọn ọmọ ogun fárígá nítorí oúnjẹ. Ó bá wọn pẹ̀tù sí i, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní British Empire Medal. (Ẹ̀rín.) Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ṣé ẹ ti rí ẹni tí ebi ń pa tí ìbọn tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Ní 1954 ó gba ẹ̀kọ́ ní Eaton Hall, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà dé bí ọ̀gá. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun wa lọ Kóńgò, òun ni mejọ̀ tó ń darí ẹ̀ka C nínú bàtálíọ̀n kẹrin. Àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n ní àríwá Kàtáńgà, agbègbè kan ní Kóńgò níbẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ yọ. Military Cross dé nìyẹn, àgbélébùú fàdákà tó so mọ́ ọ̀já funfun àti elésè àlùkò. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀gá ló ń gba èyí. Military Medal ni ti ọmọ ogun lásán, títí di 1993. Sájẹ́ǹtì àti mejọ̀ wá pàdé láyà ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ń jiyàn tọ̀sán-tòru bóyá wọ́n wá pa òun náà ni, àbí ó kàn kọ̀ láti yọ̀ǹda àlejò rẹ̀. Mi ò gbọ́ Kàtáńgà lẹ́nu wọn rí.

Alága ti ń wo aago. Kíá: bí gómìnà bá ń bọ̀ ká má sáré kun ère lọ́dà, ọ̀dà a máa dí ojú àmì ẹ̀yẹ. Kí ẹ sì kọ 1951 sí àkọlé.

Ìyá kan ti nawọ́: “Tíṣà, àwọn tó kó yọ yẹn ńkọ́? Ta ló ṣe ère tiwọn?”

Ẹ ṣé, ìyá. Bí wọ́n ṣe pín àmì ẹ̀yẹ ní ipò-ní-ipò náà la ṣe pín ère. Ẹ jẹ́ ká pa ti àkọlé tì ná. Ìsàlẹ̀ ère ní àyè tó gba orúkọ. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá Fájuyì lọ Kóńgò, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó jáde.

Ẹnì kan ń bèèrè níwájú yìí bóyá ti ọmọ Èkìtì nìkan ni. Rárá o. Tífì, Haúsá, ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́.